Ọ̀rọ̀ Kan, Ogún Iṣẹ́: Bí 'Take' Ṣe Ń Dààmú Ọmọ Yorùbá ní Angwan Rogo

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń kọ́ láti ọdún kìn-ín-ní, tí àgbà tí ó ti gboyè jáde ní yunifásítì sì tún lè ṣì lò. Ọ̀rọ̀ náà ni 'take'. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá kan ní ìdálẹ̀ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, wàràwàrà ni yóò dáhùn pé 'mú' ni. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan yóò kọsẹ̀ nínú ìdánwò, yóò kọsẹ̀ ní ọjà, ó sì lè ṣi oògùn lò. Ohun tí ó tún wá burú jù ni pé Yorùbá ẹnu rẹ̀ pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, òun kò sì ní í fura.

Angwan Rogo ní ìlú Jos jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Àdúgbò náà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Jos, ní ẹ̀bá ọ̀nà Bauchi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ọgbà Yunifásítì Jos. Haúsá ni ó sọ ọ́ lórúkọ: 'unguwa' ni àdúgbò, 'rogo' sì ni ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn mìíràn nínú wa ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá. Haúsá náà ni èdè ìta níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì, Pijin ni ti ibùdókọ̀, Yorùbá sì ni ti inú ilé lẹ́nu àwọn tí bàbá tàbí bàbá ńlá wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn gòkè wá sí Plateau nígbà tí iṣẹ́ kùsà àti ọ̀nà ojú irin ń pe ènìyàn. Yunifásítì tí ó wà lẹ́bàá wọn yẹn pàápàá ní okùn kan pẹ̀lú ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ni a ṣe dá a sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, kí ó tó dá dúró ní ọdún 1975.

Ọmọ tí a bí sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti máa ń gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó mọ ìwé kà. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí, kì í ṣe ẹrù. Ṣùgbọ́n àwọn èdè náà kì í pín iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ wọn bákan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà 'take' ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ìyá máa ń rán ọmọ. Àga wà nílẹ̀: 'Gbé e.' Ọ̀bẹ wà lórí tábìlì: 'Mú un.' Aṣọ mẹ́wàá wà lórí okùn: 'Kó wọn.' Aládùúgbò na owó sí ọmọ: 'Gbà á.' Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò: 'Bù ú.' Omi wà nínú kànga: 'Pọn ọ́n.' Ewé wà lórí igi: 'Já a.' Ẹ̀wà tú sílẹ̀: 'Ṣà á.' Gẹ̀ẹ́sì lè fi 'take' kan ṣoṣo ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, láti orí àga dé orí ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó ṣì í. Gẹ̀ẹ́sì ń wò ó pé nǹkan kan ti kúrò níbi tí ó wà, ó ti bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkan. Ìyẹn ti tó o. Yorùbá ní tirẹ̀ ń wo ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ń bèèrè bóyá nǹkan ọ̀hún wúwo tàbí ó fúyẹ́, bóyá ọ̀kan ni tàbí púpọ̀, bóyá gbogbo rẹ̀ ni tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀, bóyá ẹnìkan ni ó nà án síni tàbí ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá a níbi tí ó wà.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí pe Gẹ̀ẹ́sì ní aláìní. Gẹ̀ẹ́sì ní 'fetch', ó ní 'gather', ó ní 'pluck', ó ní 'scoop'. Ẹni tí ó ni èdè náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìwé nìkan kì í sábà dé ibẹ̀. 'Take' ni ó ti kọ́kọ́ mọ̀, 'take' náà ni yóò máa lò, yóò sì tún mú àṣà náà wọ inú Yorùbá rẹ̀. Òun ni ẹ ó máa gbọ́ tí ó ń sọ pé 'mo mú omi nínú kànga', 'mo mú iyọ̀ díẹ̀ sínú ọbẹ̀', 'mú gbogbo ìwé yẹn wá'. Yorùbá rẹ̀ kò tí ì kú, ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ó ti di Yorùbá ọlọ́wọ́ kan.

Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní í gbọ́ ọ yé. Ká ní ilé iṣẹ́ kan gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́ ní Jos, kí àbúrò rẹ̀ tí ó lọ kí ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà Iléyá tàbí Kérésìmesì fi ayọ̀ ròyìn pé, 'Màmá, wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi ní ilé iṣẹ́ kan!' Ẹ fojú inú wo bí ọwọ́ ìyá àgbà yóò ṣe gba àyà. Ọlọ́pàá ni í múni. 'They have taken my brother' ni ọmọ náà ń tú sí Yorùbá. 'Wọ́n ti gba ẹ̀gbọ́n mi síṣẹ́' ni ó yẹ kí ó sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan péré ni ó yà ìròyìn ayọ̀ kúrò lára ìròyìn ìbànújẹ́.

Haúsá tí wọ́n ń sọ ní ìta kọ́ ni ó fa èyí, bí àwọn òbí kan ti máa ń rò. Haúsá náà mọ ìyàtọ̀. 'Ɗauka' ni wọ́n ń lò fún gbígbé àti mímú, 'karɓa' fún gbígbà lọ́wọ́ ẹni, 'kama' fún mímú olè tàbí ẹran tí ó já, 'tattara' fún kíkó jọ. Nígbà tí ó bá sì di omi tàbí ọkà tí a ń bù, 'ɗiba' ni. Wọ́n tilẹ̀ ní ọgbọ́n kan tí ó wu ènìyàn: bí ohun tí a gbé bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ìparí ọ̀rọ̀ a yí padà, 'ɗauka' a di 'ɗauko'. 'Gbé e wá' ni Yorùbá wí, 'ɗauko' ni Haúsá wí, ọgbọ́n kan náà sì ni. Nítorí náà, ọmọ Angwan Rogo tí ó gbọ́ Haúsá dáadáa ti ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé bíbù yàtọ̀ sí gbígbé.

Bákan náà ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu. Yorùbá ń jẹ gbèsè, ó ń jẹ èrè, ó ń jẹ oyè, ó sì ń jẹ ìyà. Haúsá fi 'ci', tí í ṣe jẹ, ṣe irú iṣẹ́ kan náà: 'ci bashi' ni jíjẹ gbèsè, 'ci riba' ni jíjẹ èrè, 'ci amana' ni dída ẹni tí ó finú tánni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó yege nínú ìdánwò ti 'jẹ' ìdánwò náà, 'ya ci jarrabawa'. Yorùbá ń mu sìgá, Haúsá ń 'sha taba'. Yorùbá ń mu ọsàn, Haúsá náà ń mu ọsàn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Gbèsè tí àwa ń jẹ, 'take a loan' ni; oyè tí àwa ń jẹ, 'take a title' ni; tíì tí àwa ń mu, 'take tea' ni. Ìdánwò wá di ọ̀fìn fún aláìmọ̀kan, nítorí pé ẹni tí ó 'take' ìdánwò lédè Gẹ̀ẹ́sì kò tí ì yege rárá. Ó kàn jókòó ṣe é ni. Ọmọ tí ó bá kọ lẹ́tà sílé pé òun ti 'take' WAEC kò tí ì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gbọ́.

ÀLEJÒ NI 'TAKE' FÚNRA RẸ̀

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà yẹ kí ó dùn mọ́ ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, nítorí pé àlejò ni 'take' ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń lò ni 'niman', ìbátan 'nehmen' tí àwọn ará Jámánì ń lò títí di òní. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, àwọn ará Denmark àti Norway ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ogun ni wọ́n bá wá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan sì gúnlẹ̀ ní ọdún 865. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí apá àríwá àti ìlà oòrùn England, wọ́n ń dáko, wọ́n ń fẹ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì ń bá aládùúgbò ná ọjà. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni 'taka'. Láti ẹnu wọn ni ó ti bọ́ sí ẹnu onílé, ó sì ń lé 'niman' jáde díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí ọdún 1500 tó pé, 'take' ti gba gbogbo ilé. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lára 'niman' kò tó nǹkan. 'Numb', tí wọ́n ń wí nípa ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ó kú tí kò mọ nǹkan lára mọ́, láti ara rẹ̀ ni ó ti wá: ẹ̀yà ara tí a ti gba ìmọ̀lára rẹ̀ lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó máa ń tètè rìn láti èdè dé èdè. Yorùbá gba àlùbọ́sà, ràkúnmí, wàhálà àti àlùbáríkà lọ́wọ́ Haúsá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Haúsá. Ọjà ni ó ń gbé irú wọn kiri. Ṣùgbọ́n kí odidi èdè kan gba ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ń lò ní ìgbà àìlóǹkà lóòjọ́ lọ́wọ́ àlejò, kí ó sì ju tirẹ̀ nù, ohun tí kò wọ́pọ̀ ni. Ilé tí ọkọ ti ń sọ èdè kan, tí ìyàwó ń sọ òmíràn, tí ọmọ sì wà láàrin, ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onílé 'niman' kò mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ nù. Kí òbí tí ó wà ní Jos, ní Kánò tàbí ní Màìdúgùri fi èyí sọ́kàn nígbà tí ó bá gbọ́ tí 'mú' ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ 'pọn' àti 'bù' lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni í ru ẹrù jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní ọdún 1884 tí gbogbo rẹ̀ kò sì parí títí di ọdún 1928, fi èyí hàn gbangba. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ kejì ní ọdún 1989, ìtumọ̀ tí wọ́n kọ fún 'set' jẹ́ 430. Ní ọdún 2011, àwọn olóòtú rẹ̀ ka ìtumọ̀ 'run' dé 645. Ìdílé kan náà ni 'take' ti wá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn inú ìwé sáyẹ́ǹsì, èyí tí ó jẹ́ pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní. Kì í sì í bẹ̀rù 'take', tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, C. K. Ogden, tilẹ̀ gbìyànjú láti sọ ẹrù yìí di àǹfààní. Ní ọdún 1930, ó gbé ètò kan jáde tí ó pè ní Basic English, ọ̀rọ̀ 850 péré tí ó ní ó tó fún àlejò láti fi sọ ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ ìṣe 18 péré ni ó wà nínú rẹ̀, 'take' sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Winston Churchill gbóríyìn fún ètò náà ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1943. Ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní yóò rí ẹ̀tàn díẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe 18 kò ṣòro í kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí 'in', 'off', 'up', 'on' àti 'after' bá so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìtumọ̀ ọ̀kan kò sì tọ́ka sí ìtumọ̀ èkejì.

Ibí yìí ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí iṣẹ́. Ọmọ tí ó 'takes after' bàbá rẹ̀ kò mú ohunkóhun tẹ̀lé bàbá; ó fi ìwà tàbí ojú jọ ọ́ ni. Bàálù tí ó 'takes off' ti gbéra, ẹni tí ó 'takes off' bàtà ti bọ́ ọ. Ohun tí ó 'takes place' wáyé. Ẹni tí ó 'takes leave' dágbére. Bí ẹnìkan bá sọ fún Yorùbá kan tí ó wọ bàbáńrìgá ní Jos pé 'I took you for a Hausa man', kò gbé e fún Haúsá. Ó ṣèbí Haúsá ni. 'Take in' nìkan tó fún odidi ẹ̀kọ́ ọ̀sán kan: onílé 'takes in' àlejò, ó gbà á sílé, télọ̀ 'takes in' aṣọ, ó dín in, ọ̀gá gbájú-ẹ̀ 'takes in' oníṣòwò, ó tàn án jẹ, akẹ́kọ̀ọ́ 'takes in' ẹ̀kọ́, ó yé e. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò Use of English ti JAMB, irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sì máa ń wà nínú ohun tí a fi ń dán wọn wò. Ọmọ Angwan Rogo lè máa wo òrùlé Yunifásítì Jos láti ojúlé wọn. Kò sí ojúlé tí a ń bá wọlé bí kò ṣe ti ìdánwò.

Àwọn ibì kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ti pàdé ṣá. 'It takes two hours' ni 'ó gba wákàtí méjì', 'take this road' ni 'gba ọ̀nà yìí', 'take my advice' ni 'gba ìmọ̀ràn mi'. Bí òbí bá máa kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún 'take' ní ọjọ́ kìn-ín-ní, 'gbà' ìbá sàn ju 'mú' lọ. Ṣùgbọ́n ta ni í wọ ọkọ̀ tí yóò sọ pé òun gba ọkọ̀, àbí ta ni í ya fọ́tò tí yóò sọ pé òun gba fọ́tò? Haúsá ní tirẹ̀ gbà pé fọ́tò ṣe é gbé, 'ɗauki hoto' ni wọ́n ń wí.

Pijin tún fi tirẹ̀ kún un. 'Na moto I take come', bí wọ́n ti ń wí ní ibùdókọ̀, Yorùbá gidi ni tí ó wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì: 'Ọkọ̀ ni mo fi wá.' 'I take knife cut am' ni 'Mo fi ọ̀bẹ gé e.' 'Fi' wa ni 'take' ń ṣojú fún níbẹ̀, ohun tí àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn náà ń ṣe. Pijin kò jẹ̀bi, ó ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá gbé e wọ inú àròkọ yóò rí pẹ́ńsù pupa olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé 'they have taken light', tí gbogbo Nàìjíríà ń wí láti ìgbà NEPA, tí ó sì wà lẹ́nu wa síbẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti yí orúkọ padà láti ọdún 2005. 'Wọ́n ti mú iná lọ' ni. Òyìnbó tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè bèèrè pé níbo ni wọ́n mú un lọ.

NÍGBÀ TÍ ÌLÚ DÀRÚ

Àwọn ará Jos mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbígbé, mímú àti kíkó ju ẹni tí ó kọ́ ọ nínú ìwé lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣí kúrò ní àdúgbò tí ẹlẹ́sìn wọn kò ti pọ̀, ìlú sì pín sí méjì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó rí ààyè kó ẹrù rẹ̀ jáde yàtọ̀ sí ẹni tí ó mú owó díẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí kò mú ohun mìíràn. Bí a bá sọ ìtàn wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, 'took' ni yóò jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ wọn tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn náà bí ó ti rí gan-an yóò nílò 'kó', yóò nílò 'mú', yóò sì nílò 'gbé'.

Ìṣípòpadà yẹn kan ọ̀rọ̀ èdè náà. Ibi tí àwọn ìdílé Yorùbá ti fọ́n ká, ọmọ kò rí ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣeré tó bí ti àtijọ́. Ẹnu ìyá àti bàbá nìkan ni ó kù tí yóò ti gbọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ kò ní í bá wọn ṣe é. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni a wọ́gi lé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, tí a sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní Angwan Rogo, bí ìlànà náà bá tilẹ̀ dúró, Haúsá ni ìbá jẹ́ èdè àdúgbò, kì í ṣe Yorùbá.

Àwọn òbí kan ń rò pé bí Yorùbá bá kúrò lọ́nà, Gẹ̀ẹ́sì yóò ráyè wọlé. Ohun tí a rí ní Ilé-Ifẹ̀ kò bá èyí mu. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n tilẹ̀ ti ta wọ́n yọ. Ọmọ tí ó mọ̀ pé 'bù' kì í ṣe 'gbé' ti ní ojú tí yóò fi rí i pé 'take' méjì lè má jẹ́ ọ̀kan náà.

Ní ọjà, owó ni ọ̀rọ̀ náà ń já lé. Oníṣòwò tí ó kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ pé 'I will take back the goods' lè ní i lọ́kàn pé òun yóò dá ọjà padà fún ẹni tí ó tà á fún òun. Ó sì lè ní i lọ́kàn pé òun yóò gba ọjà òun padà lọ́wọ́ ẹni tí kò sanwó. Ìtumọ̀ méjèèjì ni Gẹ̀ẹ́sì gbà, wọ́n sì dojú kọ ara wọn. Yorùbá kì í fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: 'dá padà' ni ọ̀kan, 'gbà padà' ni èkejì. Ó dára kí ẹni tí ó ń kọ ìwé àdéhùn ní Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá fún ara rẹ̀, kí ó sì wá wo bóyá Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ sọ ohun kan náà; 'return' wà, 'recover' sì wà.

ORÍ PÁÁLÍ OÒGÙN

Ibi tí 'take' ti léwu jù lọ ni orí páálí oògùn. 'Take one tablet three times daily': ẹni tí ó mọ 'take' sí 'mú' yóò ṣì rí i gbọ́, nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ pé a kì í mú oògùn lọ́wọ́ lásán. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí a kọ sí ara ìgò rẹ̀ pé 'Not to be taken'. Ohun tí èyí wí ni pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu: kí a má mu ún, kí a má gbé e mì. Oògùn ìpara ni, tàbí èyí tí a fi ń fọ ojú egbò. Ọmọ tí a rán pé kí ó ka ara ìgò fún ìyá rẹ̀ lè kà á sí 'ẹ má ṣe mú un', kí ìyá rò pé wọ́n kàn ní kí wọ́n má gbé ìgò náà kúrò níbi tí ó wà, kí ó sì bu ṣíbí kan fún aláìsàn mu.

Yorùbá náà ní ibi tí ó ti yẹ kí a ṣọ́ra. 'Lò' ni a máa ń fi túmọ̀ 'take' bí ó bá di ti oògùn, 'lò' sì gbòòrò. Èyí tí a gbé mì ni a lò, èyí tí a mu ni a lò, èyí tí a fi para ni a lò, èyí tí a kán sí ojú ni a lò, títí kan èyí tí a fi sí ìdí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Oníṣègùn ilẹ̀ wa kì í sọ pé 'lò ó' kí ó sì dákẹ́: àgbo ni a ń mu, àgúnmu ni a ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu, àdí àti òrí ni a ń fi para. Haúsá fi 'sha', tí í ṣe mu, sọ gbogbo oògùn tí ó gba ẹnu wọlé, ìbáà ṣe hóró, ìbáà ṣe olómi. 'Shafa' ni ti ìpara. Bí a bá ti gbọ́ 'sha', a mọ̀ pé ẹnu ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba oògùn ní ilé ìwòsàn tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, tí 'take' tí ó wà lára rẹ̀ kò sì yé e, kò gbọdọ̀ tijú láti bèèrè. Bí ẹni tí ó ń tà á bá gbọ́ Yorùbá: 'Ṣé gbígbé mì ni, àbí jíjẹ lẹ́nu, àbí fífi para?' Bí ó bá jẹ́ Haúsá ni ó gbọ́: 'A sha ne, ko a shafa?' Kí ó sì bèèrè bóyá ṣáájú oúnjẹ ni tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí pé 'take on an empty stomach' ni kí inú ṣófo nígbà tí a bá lò ó. Bí ó bá jẹ́ olómi tí a kọ 'take 5 ml' sí, ṣíbí inú páálí náà ni kí a fi bù ú. Ṣíbí ọbẹ̀ inú ilé kò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.